Àgbẹ̀ Kì Í Gbin Ohun Tí Kò Lọ́jà

 

Àwọn kan máa ń sọ pé olórí kunkun làwọn àgbẹ̀, pé bí wọ́n bá fún wọn ní irúgbìn tuntun, wọn kì í gbìn ín. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó gbin ohun tuntun, nǹkan méjì ló ń rò: ta ni yóò rà á, báwo ni yóò sì ṣe dé ọjà?

Ẹ wo kòkó. J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, dá oko kòkó sílẹ̀ lẹ́bàá Agége ní nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker náà dá tiẹ̀ ní Ìfàkọ̀. Àwọn kan tó wá ṣe lébìrà ní oko Agége mú irúgbìn lọ sí ìlú wọn. Kòkó kì í ṣe oúnjẹ àgbẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́rin márùn-ún kó tó so. Kí ló dé tí wọ́n fi gbìn ín? Wọ́n mọ̀ pé olùrà àti ọkọ̀ òkun ń dúró dè é l'Ékòó. Nígbà tí rélùwéè Èkó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tí wọ́n ń forí rù bọ́ sínú ọkọ̀.

Ti pákí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkó gbígbẹ ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n pákí tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti ń bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ tó ń rin pákí ò bá sí nítòsí, tí mọ́tò ò wọ abúlé, ìwọ̀nba tí ilé rẹ̀ máa jẹ ni àgbẹ̀ á gbìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àti ẹ̀rọ nìkan kọ́, àwa náà wà ńbẹ̀. Ní 2011, wọ́n gbé oríṣi pákí tuntun mẹ́ta jáde ní Nàìjíríà, iṣẹ́ IITA n'Íbàdàn àti iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Umudike. Inú wọn pọ́n rúsúrúsú, fítámínì A tó dára fún ojú sì wà níbẹ̀.

Gàrí lèmi ń tà. Obìnrin kan tó ń kó gàrí wá fún mi láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ gbé àpò kan tó pọ́n wá. Mo ní epo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé gàrí Ìjẹ̀bú funfun làwọn oníbàárà mi ń fẹ́. Ó ní, "Màmá, epo kọ́, bí pákí náà ṣe rí nìyẹn." Mi ò rà á. Lọ́dún kejì, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ̀yin ò rà, kí la tún fẹ́ gbìn ín ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mi ò tiẹ̀ tọ́ ọ wò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọjà tuntun wá, ẹ jẹ́ ká gba kóńgò díẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ jẹ, ká ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà. Kí òjò tó dé, ẹ sọ ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́jà fún àgbẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì ti dá iye kan, ẹ má yí i padà nígbà tí ẹrù bá balẹ̀. Àgbẹ̀ tí a bá já kulẹ̀ lónìí kò ní dá irú oko bẹ́ẹ̀ mọ́ lámọ̀ọ́dún.