Písítìnì tí ó Há Jù Nínú Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí ń gbé bàálù àfiṣeré fò ni kò ní rínìgì, ìyẹn òrùka irin tí ó yí písítìnì ọ̀kadà tàbí ti mọ́tò ká kí afẹ́fẹ́ má baà jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó ń dí ojú jíjò nínú tiwọn ni bí písítìnì fúnra rẹ̀ ṣe bá inú sílíìfù mu rẹ́gí, sílíìfù sì ni ọ̀pá oníhò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì tuntun báyìí yóò rí i pé ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí písítìnì bá ti dé òkè pátápátá, yóò gan, nígbà mìíràn yóò sì ké bí irin tí ń ha irin. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà pé ọjà tí kò pé ni wọ́n tà fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Irú ẹ́ńjìnnì tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ABC ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́nì ni písítìnì rẹ̀, idẹ ni sílíìfù, wọ́n sì fi kurómíọ̀mù, irin dídán tí ó le gan-an, bo inú idẹ náà. Inú sílíìfù yìí kò fẹ̀ bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ó ń tínrín díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ sókè, nítorí pé òkè ni iná ti ń jó, ibẹ̀ ni ó máa ń gbóná jù, ibẹ̀ náà ni idẹ yóò sì ti fẹ̀ jù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ihò sílíìfù rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 21, bí ooru bá fi ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lé sí i, idẹ yóò fi nǹkan bí 0.04 mìlímítà fẹ̀ sí i. Kò tó sísanra fọ́nrán irun kan, síbẹ̀ òun ni ó ń sọ ihò tí ó há di ihò tí ó gún régé. Bí wọ́n bá ṣe é kí ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ó tutù, agbára rẹ̀ yóò ti jò dànù kí ó tó gbóná tán.

Ooru ni oògùn rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe sáńpéépà. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun tó láti mú orí ẹ́ńjìnnì gbóná kí wọ́n tó tan án, títí ọwọ́ kò fi ní lè gbé orí rẹ̀ pẹ́. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń lo sítátà oníbátìrì, nítorí pé tí sítátà bá fi agbára wọ́ písítìnì tí ó ti gan, kọ́ńróòdù, ọ̀pá kékeré tí ó so písítìnì mọ́ kíráńkì, lè tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tan, kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí epo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ débi tí ẹ́ńjìnnì kò fi ní gbóná. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pa á, kí ó tutù pátápátá kí wọ́n tó tún un tàn. Àwọn tí ó mọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tí písítìnì àti sílíìfù rẹ̀ jẹ́ irin, sábà máa ń ṣìnà níbí, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi epo púpọ̀ mú tuntun náà tutù, bí wọ́n ti ṣe é fún ti ìṣáájú. Èyí kàn ń jẹ́ kí ibi tí ó há máa ha písítìnì ni.

Ìgbà mìíràn wà tí híhá náà jẹ́ àìsàn lóòótọ́. Bí písítìnì bá há láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tàbí tí kò yé gan lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, síkúrúù orí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí wọ́n bá di ọ̀kan ju èkejì lọ, sílíìfù yóò wọ́. Kí wọ́n tú gbogbo wọn, kí wọ́n sì tún wọn dì díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n bá dì lápá kan kí ó tẹ̀lé èyí tí ó dojú kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọdún púpọ̀, epo lárà tí ó gbẹ mọ́ ọn lára ni ó ṣeé ṣe kí ó dì í mú. Ooru àti epo tuntun yóò yọ ọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ki síkúrúdráífà bọ ihò èéfín láti fi ti písítìnì.

Lílọ̀ písítìnì pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń dán irin kò burú fún písítìnì irin nínú sílíìfù irin, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ABC, ìparun ni: alumíníọ́mù rọ̀, ìyẹ̀fun náà yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì máa jẹ kurómíọ̀mù nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí. Bí ooru àti ìtanná díẹ̀díẹ̀ kò bá ràn án, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Nígbà tí wọ́n bá sì ń gbé e pamọ́, kí wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ náà títí písítìnì yóò fi wà nísàlẹ̀, kí sílíìfù má baà tutù mọ́ ọn lára lókè.