Àìsàn Àjẹkì

Àìsàn àjẹkì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní binge eating disorder lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń mú kí ènìyàn jẹ oúnjẹ púpọ̀púpọ̀ láàárín àkókò kúkúrú, láìlè kó ara rẹ̀ níjàánu. Kì í ṣe ìwà wọ̀bìà. Ẹni tí ó ní in sábà máa ń jẹun níkọ̀kọ̀ nítorí ìtìjú. Ebi lè má pa á, síbẹ̀ yóò yára jẹun títí ikùn yóò fi máa ni ín lára. Lẹ́yìn náà ni àbámọ̀ yóò dé.

Albert Stunkard, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe irú àjẹkì yìí ní ọdún 1959. Ní ọdún 2013, ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, DSM-5, kà á sí àìsàn tí ó dá dúró. Ó ní kí ó ti máa ṣẹlẹ̀, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3. Ó yàtọ̀ sí búlímíà ní ti pé aláìsàn kì í máa mọ̀ọ́mọ̀ bì tàbí lo oògùn ìyàgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lè ṣe ẹni tí ó sanra àti ẹni tí kò sanra.

Àjogúnbá, ẹ̀dùn ọkàn àti yẹ̀yẹ́ nípa ara sísan wà lára ohun tí ó lè fà á. Ìfebipara náà ń dá kún un: ẹni tí ó jẹ àjẹkì lálẹ́ lè kọ oúnjẹ ní ọjọ́ kejì láti fi ṣàtúnṣe, bí ebi bá wá pa á gan-an, àjẹkì a tún padà dé. Nítorí náà, "dín oúnjẹ kù" nìkan kì í ṣe ìmọ̀ràn tí ó tó.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn jù ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn, èyí tí ó ń tún èrò àti ìṣe ṣe. Aláìsàn yóò máa kọ ohun tí ó jẹ, àkókò tí ó jẹ ẹ́ àti bí ọkàn rẹ̀ ti rí sílẹ̀. Yóò sì máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀, kí ebi má baà pa á ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2015, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn lisdexamfetamine fún àwọn àgbàlagbà tí àìsàn náà le lára wọn. Kì í ṣe oògùn ìmúnirù, ó sì lè di bárakú. Dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó kọ ọ́ fún ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Árò ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, Ẹ̀núgù, Kàdúná àti Màídúgùrì. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn wá ìrànlọ́wọ́. Ẹbí tí kò bá pè wọ́n ní alájẹkì ti ṣí ọ̀nà ìwòsàn sílẹ̀ fún wọn.