Ṣé omi Ọ̀ṣun tó bá ti tòrò ló ṣeé mu?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bu omi odò sínú ìgò níbi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ó gbé e wá sílé wa ní Iléṣà. Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó gbé e kalẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ẹrẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè ti mọ́ gaara. Ó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí? Ariwo lásán lẹ̀ ń pa." Mi ò bá a jiyàn níwájú màmá wa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ níbí.

Kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni ló pọ́n odò yẹn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí ni wọ́n ti ń wa wúrà. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ á wọ odò kéékèèké, ìyẹn á sì ṣàn wọnú Ọ̀ṣun. Amọ̀ yẹn kúnná débi pé kò lè rọ̀lẹ̀ nígbà tí omi bá ń sáré. Inú ìgò nìkan ló ti ráyè sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Òjé wà nínú àwọn òkúta kan, àwọn awakùsà mìíràn sì ń lo mákúrì, irin olómi tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ. Èyí tó bá ti yòrò sínú omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ní 2021, ẹgbẹ́ Urban Alert tó wà ní Òṣogbo ṣe àyẹ̀wò odò náà, wọ́n ní òjé àti mákúrì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tó yẹ fún omi mímu lọ. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé káwọn èèyàn má mu ún.

"Tá a bá sè é ńkọ́?" Iná ń pa kòkòrò, kì í pa irin. Ọbẹ̀ tó bá pẹ́ jù lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ń dín kù ni? Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òjé náà.

"Mo mu ún lọ́dún tó kọjá, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Òjé kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru tó ń dé lọ́jọ́ kejì. Inú egungun ló ń sá pamọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in lórí WhatsApp pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ti dé Òṣogbo, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Lóòótọ́, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400 níbẹ̀ ní 2010. Ṣùgbọ́n òkúta wúrà tí òjé kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé, táwọn ọmọ ń fa eruku rẹ̀ símú, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Òjé kan náà ni, àmọ́ iye tó wọ ara àti ọ̀nà tó gbà wọlé yàtọ̀ pátápátá.

Ìgò ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí fíríìjì. Ó ní ìgbàgbọ́ tòun nìyẹn, mi ò sì bá a dù ú, torí kò sí àyẹ̀wò tó lè wọn oore Ọ̀ṣun. Kó máa wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì ni mo ní kó má fún mu.