Gígun Olúmọ: Àlàyé fún Ará Pobẹ̀ àti Sakété

Bí ẹ bá ń gbé ní Pobẹ̀ tàbí Sakété, tí ọ̀nà Abẹ́òkúta sì là fún yín, bóyá ẹ ń lọ kí ìbátan, bóyá ẹ ń lọ ra ọjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Olúmọ. Inú ìlú gan-an ni òkè náà wà, kò jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Lóòótọ́, òkè pọ̀ ní Ìdáàṣà ní Benin wa níhìn-ín, wọ́n sì rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gun òkè rí, Olúmọ ni mo máa ní kó fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀nà tó gba tọmọdé tàgbà wà níbẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí ilẹ̀ tiwa kò ní irú rẹ̀. Láti Sakété dé Pobẹ̀, orí ilẹ̀ pupa tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre la wà. Yanrìn àti amọ̀ ni, omi ló kó o wá tẹ́ síbẹ̀ láti ayébáyé. Òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní granite wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó jìn. Akọ òkúta la ó máa pè é níhìn-ín. Ní Abẹ́òkúta, ohun tó bo akọ òkúta yìí kò tó nǹkan. Òjò ń wẹ̀ ẹ́ lọ lọ́dọọdún, akọ òkúta sì ń yọ, bí egungun ẹja ṣe ń yọ bí a ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Olúmọ kò hù láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ sílẹ̀.

Wọ́n ń sọ pé 137 mítà ni orí Olúmọ fi ga ju òkun lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀ Pobẹ̀ fúnra rẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 100 mítà. A kì í mọ̀ ọ́n lára ni, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ náà ń gòkè láti etíkun wá. Bí ọ̀nà bá ṣe nàró tó ni àyà ṣe ń já tó.

Ẹni tó bá ti Sakété gbéra á gba Ìgólò lọ sí Ìdí-Ìrókò, á kọjá bódà, á wá gba Owódé, Ìláró àti Pápáàlántó dé Abẹ́òkúta. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lọ́wọ́. Láti 1979 ni òfin CEDEAO ti gba ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ ṣẹ́ sẹ́fà yín sí náírà kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà òkè, torí wọ́n ń gba owó ìwọlé. Zémíjàn tiwa, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ló dára jù, nítorí pé akọ òkúta máa ń gba oòrùn sára, tó bá di ọ̀sán, ooru á máa bá yín láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ̀nà jíjìn. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ojú á mọ́ kedere, àmọ́ òkúta á máa yọ̀, torí náà ẹ dúró kó gbẹ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí omi mímu sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹsẹ̀ kàn ń gbé ara síwájú ni. Lórí òkè, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé gbogbo ìwúwo yín sókè, iṣan itan sì ń béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ọkàn á sáré, èémí á yára. Ẹni tó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, àárín ọ̀nà ló máa jókòó sí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹ máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, ẹ dẹ ìrìn. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ, ipa ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín òkúta kọjá, àti ẹ̀rọ agbénisókè tí wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ó dára fún àwọn àgbà àti ẹni tí orúnkún ń dùn. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá le, ipa ọ̀nà àtijọ́ ni kí ẹ gbà. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gòkè kò ní kan ihò àpáta lójú ọ̀nà, ihò yẹn gan-an ló sì yẹ ká tìtorí rẹ̀ lọ.

Nǹkan bí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé dé ibẹ̀, Sódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Abẹ́ òkúta yìí ni wọ́n sá sí. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n sùn, ẹ ó sì rí àwọn kòtò róbótó lára òkúta níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Gezo ọba Dàhọ̀mì kógun ja Abẹ́òkúta ní 1851. Glele ọmọ rẹ̀ tún padà lọ ní 1864. Kò ṣeé ṣe fún wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kétu tí kò ní àpáta, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì yẹn ló run ún ní 1886. Mi ò sọ pé òkúta nìkan ló gba Abẹ́òkúta là o, torí odi wà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó bá wà lókè máa ń tètè rí ẹni tó ń bọ̀.

Ojúbọ wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn ìyá àgbà sì ń tọ́jú wọn. Ẹ kí wọn lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kí àgbà nílé, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí ẹ bá dé orí òkè, odò Ògùn, ilé ìjọsìn Aké àti òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ súà ni ẹ ó máa wò.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń fi ìrora sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gba èémí. Bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ń nà bó ti ń dá ara yín dúró kó má baà já ṣòòròṣò, nínà yẹn ló ń ṣe é léṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má sáré. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, itan á máa ro yín bí ẹ bá fẹ́ jókòó. Á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì ń ràn án lọ́wọ́. Orúnkún tó bá wú ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn.