Orlando Martins: Ọmọ Èkó Nínú Sinimá Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ní àdúgbò Ṣómólú ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eéṣú, àwòrán òṣèré kò ṣọ̀wọ́n lára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọjá mọ òṣèré kọ̀ọ̀kan lójú bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dárúkọ Orlando Martins fún wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè pé Potogí wo nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ Èkó ni, ojú rẹ̀ sì ti wà nínú sinimá kí àwọn Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá tiwọn.

Ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 1899 ni a bí i ní Èkó. Ìran Àgùdà, ìyẹn àwọn tí ó ti Brazil padà wálé, ni baba rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ ni orúkọ Martins ti ṣẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun sì parí, ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń wá òṣèré adúláwọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni ó ń ṣe. Ó ja ìjàkadì fún owó. Ó bá àwọn eléré alárìnká tí ń fi ẹranko dárà gbé ejò káàkiri. Ó sì dúró láìsọ̀rọ̀ lórí ìtàgé níbi tí àwọn oníjó ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ń jó. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún láti ìsàlẹ̀ ikùn. Èyí ni dúkìá tí ó ní.

Ní 1935, ó kópa nínú Sanders of the River, sinimá tí Zoltan Korda darí. Paul Robeson, olórin adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó léwájú nínú rẹ̀. Jomo Kenyatta pàápàá, tí ó di olórí ilẹ̀ Kẹ́ńyà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wà láàrin èrò inú sinimá náà. Oríkì ìjọba amúnisìn ni sinimá ọ̀hún ń kì, Robeson fúnra rẹ̀ sì kábàámọ̀ pé òun ṣe é. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì tún pàdé lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù nínú eré tí C.L.R. James, ọmọ adúláwọ̀ láti Trinidad, kọ nípa Toussaint Louverture. Martins ni Boukman, ẹni tí ó kó àwọn ẹrú ilẹ̀ Haiti jọ láti ṣọ̀tẹ̀ ní 1791. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì kò sí lára òṣèré. Ọwọ́ ẹni tí ó di kálàmù mú ni ó wà.

Irú ìṣòro yìí tún yọjú nínú Men of Two Worlds, tí ó jáde ní 1946. Martins ni Magole, tí ó fi agbára òkùnkùn dojú kọ atẹdùùrù kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù padà sí Tanganyika. Orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ní fún babaláwo, oníṣègùn, adáhunṣe àti oṣó. Inú àpò kan náà ni ó kó gbogbo wọn sí. Abájọ tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí Ládipọ̀ Ṣólańkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1925, fi ẹ̀hónú hàn pé ìtàn náà tàbùkù àwọn adúláwọ̀. Ẹjọ́ wọn tọ́. Síbẹ̀, Martins kò fi Magole ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún un ní ìwúwo àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ó yani lẹ́nu jù ni The Hasty Heart. Ó kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ó sì tún ṣe é nínú sinimá ní 1949 pẹ̀lú Richard Todd, Patricia Neal àti Ronald Reagan, tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti wáyé, ogun kan náà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ. Martins ni Blossom, ọmọ-ogun adúláwọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí kò lè sọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ọmọ Scotland kan tí ikú ń bọ̀ wá pa wà láàrin wọn. Nígbà tí ó gbọ́ pé àánú ni ó mú kí àwọn yòókù bá òun ṣọ̀rẹ́, ó kọ gbogbo wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí Blossom fún un ni ó tú u nínú, nítorí Blossom kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ pé yóò kú. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ti lo bí 30 ọdún láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ! Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú sì ni Martins fi sọ tirẹ̀. Orí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni ìtàn náà yí sí.

Ó kópa nínú Where No Vultures Fly ní 1951, Simba ní 1955 àti Sapphire ní 1959, kí ó tó fi Èkó ṣe ilé padà. Ní 1970, nígbà tí wọ́n ya Kongi's Harvest ní Nàìjíríà, Ossie Davis ni olùdarí, Wọlé Ṣóyínká tí ó ni eré náà sì ṣe Kongi. Martins, ẹni 70 ọdún, ni Dókítà Gbénga: orúkọ Yorùbá, nínú eré tí ọmọ Yorùbá kọ. Ní 1971, ó jẹ́ Obierika nínú sinimá tí wọ́n fa yọ láti inú Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ. Nínú ìwé náà, Obierika ni ọ̀rẹ́ Okonkwo tí ń ro ọ̀rọ̀ wò, tí ń béèrè ìdí àṣà ìlú rẹ̀, tí ó sì ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde. Ọdún 14 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985, ni Martins papò dà ní Èkó.