Àwọn Olùtọ́jú Arúgbó ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ilé-Iṣẹ́ Tí Ó Gbà Wọ́n

Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà sílẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà sì gba ọ̀nà náà lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dí i mọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkèèrè wá. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti wọlé ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó gbà wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìlú ní England a máa ra ìtọ́jú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ní ọ̀pọ̀ ibi ó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí olùtọ́jú bá lò nínú ilé arúgbó nìkan ni owó wà fún. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan jáde ní agogo 6 òwúrọ̀: ó wẹ baba kan, ó wọ bọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 20, ó fún ìyá kan ní oúnjẹ àti oògùn láàrin ìṣẹ́jú 15, ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Ó lè lo wákàtí 12 níta, kí ó sì jẹ́ pé owó wákàtí 7 ni yóò rí gbà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ náà ka ìrìn láti ilé kan sí èkejì mọ́ àkókò iṣẹ́, nígbà tí a bá ń ṣírò owó tí ó kéré jùlọ tí a gbọ́dọ̀ san. Ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rù òfin ń kà á. Èyí tí kò bẹ̀rù ń ṣe bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ń fò ni.

Kí ló dé tí wọn kò fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ọmọ onílẹ̀ lè fi í sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ ni físà àjèjì so mọ́: bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tí ó ní àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó padà sílé. Ẹni tí ó ti ta ilẹ̀ kí ó tó rí owó alágbàtà san kì í tètè bá ọ̀gá jà nítorí owó bọ́ọ̀sì.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa to àwọn arúgbó àdúgbò kan náà pọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan, kí ó lè fẹsẹ̀ rìn.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ní England tí yóò gba àjèjì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí arúgbó ń rí ni àjọ yẹn ń bẹ̀ wò. Ìṣírò owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.