Ojú Inú Àpáta: Ọ̀dà Òróró àti Àwòrán Ilẹ̀ Lọ́wọ́ Abáyọ̀mí Barber

Àwọn lámèyítọ́ kan gbà pé àwòrán tó jọ ohun gidi jẹ́ ẹ̀dà iṣẹ́ Òyìnbó, àti pé ayàwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó bá tọ ọ̀nà yẹn ti sọ tirẹ̀ nù. Iṣẹ́ Abáyọ̀mí Barber (1928–2021) ta ko èrò yìí. Nínú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, ìlànà ọ̀dà òróró àti ìwòye Yorùbá wọnú ara wọn.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àwọn orí náà jọ ènìyàn gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Òyìnbó tó dé ni wọ́n sì ti rọ wọ́n. Ní 1960, Barber lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ère níbẹ̀. Lẹ́yìn tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1971, níbi tó ti kọ́ àwọn bíi Muri Adejimi àti Olu Spencer níṣẹ́.

Nínú irú àwòrán ilẹ̀ tí a mọ̀ wọ́n mọ́, àpáta tàbí igi lè di ojú ènìyàn bí a bá tún un wò. Ọ̀dà òróró bá èyí mu. Kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń bá òróró inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí yóò fi le, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọ̀dà tí a fi tọpẹntáìnì là ni a fi ń tẹ́ ìpìlẹ̀. Òróró ń pọ̀ sí i nínú ìpele tó tẹ̀lé e. Bí a bá yí ètò yìí padà, òkè lè gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, àwòrán á sì sán. Lórí ìpele tó ti gbẹ, a lè fa ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, kí ojú inú àpáta wà níbẹ̀ láìhàn jù.

Àwọn kan rí ipa Salvador Dalí nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé a ń bọ Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí pé ìrókò ní olúwa, kò ní pè é ní àlá lásán.

Ìlànà yìí wúlò fún ayàwòrán tó bá fẹ́ ya Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí Ifo lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Oko ń di ilé níbẹ̀. Igi tó yà lówùúrọ̀ lè ti wó kí ìpele kìíní tó gbẹ; nítorí náà, yóò yára ya ìlà lójú oko, yóò sì fi ìrántí parí iṣẹ́ nílé. Àwa olùwádìí náà gbọ́dọ̀ wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìpele-ìpele, ká béèrè ohun tí ayàwòrán bò àti ohun tó fi sílẹ̀ kó hàn.